Ìlú wo ni òjò dídì pọ̀ sí jù? Ọjọ́ mẹ́fà lójú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ New York

Ibi ìkómọ kan ní Bronx ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ṣadé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, tó ti lo ogún ọdún ní Syracuse, ló ní kò sí ìlú tí òjò dídì ń dà lé lórí bíi tiwọn. Bàbá Ìbejì, tí èmi àti ẹ̀ jọ ṣe kékeré ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, tó wá fi Buffalo ṣelé, sọ ṣíbí kalẹ̀. "Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Syracuse? Ta ló gbọ́ Syracuse nínú ìròyìn rí?" Ìyá Ṣadé ní ariwo kọ́ ni òjò. Kí wọ́n tó kó àwo kúrò nílẹ̀, wọ́n ti fi odindi ewúrẹ́ kan ta tẹ́tẹ́.

Èmi ni wọ́n fi ṣe adájọ́, torí èmi ni mò ń wakọ̀ jẹun. Mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù Kejì, mo mú Káyọ̀dé, àbúrò ìyàwó mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé nínú oṣù Kẹwàá. Mo ra rúlà onírin kan, mo kun pákó pẹlẹbẹ kan ní funfun, mo ju ṣọ́bìrì méjì sí but, ó di títì.

Kí n tó lọ jìnnà: òjò dídì ni mo pe èyí tó ń já bọ́ bí òwú. Yìnyín ni èyí tó le gbagidi lójú títì. Nílé, yìnyín la máa ń pe gbogbo ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá ti fìdí jókòó lórí ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níwájú ilé epo ní Bronx kò ní í da méjèèjì pọ̀ mọ́.

Ọjọ́ Kìíní, Sunday. Bronx sí Albany

Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni, kò sí ìnira. Albany ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ yìí, bí èrò tilẹ̀ pọ̀ tí wọ́n rò pé New York fúnra ẹ̀ ni. Ìpíndọ́gba ọgbọ̀n ọdún, láti 1991 dé 2020, fún Albany ní bíi íńṣì 59 lọ́dún kan. Ti wa ní Central Park kò ju bíi 30 lọ. Ìlọ́po méjì ni, ó sì tó kí ẹlẹ́nu gígùn fi ṣe fáàrí níwájú ará Bronx.

Òjò dídì tó bá wọn níbí sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ òkun Àtìláńtíìkì wá, pẹ̀lú ìjì tó ń gun etíkun bọ̀ láti gúúsù. Ó máa ń tutù, ó máa ń wúwo. Díẹ̀ rọ̀ mọ́jú. Káyọ̀dé bu ú kún agolo mílíìkì, ó tẹ́ ojú ẹ̀ pẹrẹsẹ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà. Nígbà tó yọ́, omi tó kù nínú ẹ̀ kò tó ìdá mẹ́fà agolo. "Bọ̀dá, wọ́n ti rẹ́ wa jẹ," ló wí. Mo ní kó tọ́jú agolo náà, a ó tún lò ó.

Ọjọ́ Kejì, Monday. Albany sí Syracuse

Ó tó máìlì 145 lórí òpópónà márosẹ̀ olówó orí. Oòrùn ń ràn gan-an títí a fi kọjá Utica. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀run dúdú lápá ọ̀tún wa, bí ìgbà tí ẹnì kan da ìbora eérú bo apá àríwá. Ní nǹkan bí ogún máìlì sí Syracuse, a wọnú ẹ̀. Mi ò rí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú mi mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, oòrùn tún yọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá mọ òjò Èkó mọ irú ẹ̀: tó máa rọ̀ ní Ojúẹlẹ́gbà tí ilẹ̀ Yàbá á gbẹ táútáú.

Ìlú oníyọ̀ ni orúkọ àpèjẹ́ Syracuse. Omi iyọ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ létí adágún Onondaga, wọ́n ń sè é tà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, odò àtọwọ́dá Erie tí wọ́n parí ní 1825 ló sì ń bá wọn kó o káàkiri. Nísinsìnyí ìlú oníyọ̀ ń da iyọ̀ sí títì láti àárọ̀ dalẹ́. Ọkọ̀ mi tó dúdú láti Bronx ti di funfun kí n tó dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣadé, kì í sì í ṣe òjò dídì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ṣadé ò tilẹ̀ jẹ́ ká kí wọn tán. "Ẹ ṣì wọ bàtà yín, ẹ tẹ̀ lé mi." Wọ́n mú wa lọ sẹ́yìnkùlé. Orí ọgbà igi wọn nìkan ló yọ sókè. Wọ́n fi irinṣẹ́ kan hàn wá, igi gígùn gbọọrọ tó ní pákó fífẹ̀ lórí, bí ọkọ́ tí wọ́n rọ fún òmìrán: òun ni wọ́n fi ń wọ́ òjò dídì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé, kí òrùlé má baà wó lé wọn.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ṣe é?"

"Ta ni ìbá tún ṣe é? Ṣadé wà ní Texas."

Èyí tó ń bí wọn nínú jù, ni wọ́n wí, ni katakata. Wọn á fi wákàtí kan kó ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tán, katakata tó ń wọ́ òjò dídì á wá kọjá lójú títì, á sì ti gbogbo ẹrù ẹ̀ padà síbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Èyí tí katakata bá tì wá kì í ṣe òwú mọ́. Ó ti di sìmẹ́ńtì. Mo gbìyànjú ẹ̀ wò. Ṣọ́bìrì mi ta padà.

Lórí ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n ka ìṣirò tiwọn sílẹ̀ fún adájọ́. Ìpíndọ́gba Syracuse lé ní íńṣì 127 lọ́dún, ó ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Láàrin àwọn ìlú Amẹ́ríkà tí èrò inú wọn ju 100,000 lọ, àwọn ló wà lókè. Ife ẹ̀yẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní Golden Snowball, tí ìlú márùn-ún ń dù lọ́dọọdún: Albany, Binghamton, Buffalo, Rochester àti Syracuse. Syracuse ló ń gbé e jù.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni ti ọdún 1992. Nínú oṣù Kẹta ọdún náà, ìgbìmọ̀ ìlú Syracuse jókòó, wọ́n dìbò, wọ́n fòfin de òjò dídì: kò gbọdọ̀ rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi ṣe, ó ti sú wọn ni. Òjò náà ò ka òfin. Òjò dídì ìgbà òtútù tó tẹ̀ lé e, 1992 sí 1993, ló pọ̀ jù nínú ìtàn ìlú náà: íńṣì 192.1.

"Wọ́n fòfin de òjò," Ìyá Ṣadé ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú wọn. "Ta ló fẹ́ lọ mú un?"

Ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ a gbé pákó funfun síta. Ìlànà ìwọ̀n rọrùn: jẹ́ kó rọ̀ sórí pákó, ki rúlà bọ̀ ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀, gbá pákó náà mọ́, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ o ò gbọdọ̀ gbá a ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ láàrin wákàtí 24. Káyọ̀dé bi mí pé kí ló dé. Mi ò dá a lóhùn. Mo ní kó lọ mú tíréè kan ní ilé ìdáná.

Ọjọ́ Kẹta, Tuesday. Oswego, Redfield, kòtò

Agogo mẹ́fà àárọ̀. Lórí pákó, tí a gbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàrin òru: íńṣì márùn-ún. Lórí tíréè tí Káyọ̀dé ń jí gbá ní wákàtí-wákàtí (ọmọ náà ò sùn): mẹ́fà àtààbọ̀. Òjò kan náà, ẹ̀yìnkùlé kan náà. Òjò dídì ń tẹ ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ó ti ń pọ̀ sí i, bí òwú inú tìmùtìmù. Ẹni tó bá ń gbá a ní gbogbo ìgbà ò jẹ́ kó rí àyè tẹra mọ́lẹ̀, ìwọ̀n tiẹ̀ á sì máa ga.

Ohun tó ba ẹjọ́ Montague jẹ́ gan-an nìyẹn. Abúlé ni, lórí òkè Tug Hill. Nínú oṣù Kínní 1997, wọ́n wọn íńṣì 77 níbẹ̀ láàrin wákàtí 24. Kò sí irú ẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà. Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò wá, wọ́n rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n wọn ọ́ dípò ẹ̀ẹ̀mẹrin, wọ́n sì wọ́gi lé e. Káyọ̀dé ní ìrẹ́jẹ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ adájọ́ ni mí.

A lọ sí Oswego láti lọ wo ẹni tó ń fa gbogbo wàhálà yìí. Adágún Ontario nù-un, dúdú bí aró, ó ń rú èéfín. Òtútù ń ta wá létí, síbẹ̀ omi ò dì. Etí bèbè nìkan ni yìnyín wà. Káyọ̀dé dúró, kò sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, èyí tí kì í ṣe ìwà ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Afẹ́fẹ́ olótùútù ń bọ̀ láti Kánádà. Omi adágún ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ ju afẹ́fẹ́ náà lọ, torí ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà nínú ẹ̀. Fojú inú wo ìkòkò omi gbígbóná tí wọ́n ṣí ìdérí ẹ̀ lójú ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ á mu ọ̀rinrin yìí yó bó ṣe ń kọjá, á sì pọ̀ ọ́ sórí ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé létí ilẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá ti àríwá ìwọ̀ oòrùn wá, Syracuse ni. Tó bá ti ìwọ̀ oòrùn gan-an wá, Tug Hill ni. Kì í sì í tàn kálẹ̀; ó máa ń ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, ìdí nìyẹn tí a fi wọ òkùnkùn tí a sì jáde sí oòrùn lánàá. Ìpíndọ́gba jíjìn adágún Ontario jẹ́ mítà 86, ibi tó jìn jù tó 244. Ó jìn débi pé òtútù kì í sáábà rí i dì tán. Ìkòkò náà ń hó láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta.

Láti ibẹ̀ a gun òkè lọ sí Redfield. Tug Hill ga tó bíi ẹsẹ̀ bàtà 2,000, tààrà ní ìlà oòrùn adágún náà. Ìkùukùu tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ á tún gbọ́dọ̀ gun òkè, ó dà bí ẹni ń fún kànìnkànìn. Nínú oṣù Kejì 2007, íńṣì 141 já lé Redfield lórí láàrin nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ju ohun tí Syracuse ń rí lọ́dún kan. Hooker, abúlé mìíràn lórí òkè kan náà, gba íńṣì 466.9 ní ìgbà òtútù 1976 sí 1977, kò sì sí ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ yìí tó tíì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Níbẹ̀, ojú títì ti di kòtò láàrin ògiri funfun méjì. Wọ́n ki ọ̀pá gígùn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi panápaná kí wọ́n lè rí i wá. Alùpùpù orí òjò dídì pọ̀ níwájú ilé ọtí ju mọ́tò lọ. Káyọ̀dé bu agolo ẹ̀. Ẹ gbọ́, ọwọ́ ẹ̀ ò fura pé nǹkan wà nínú ẹ̀. Nígbà tó yọ́ nínú ọkọ̀, omi náà kàn bo ìdí agolo ni. Ti Albany fi ìlọ́po mẹ́ta jù ú lọ. Ìyẹn ni pé íńṣì kan níbí àti íńṣì kan ní Albany kì í ṣe ẹrù kan náà fún ẹ̀yìn ẹni tó ń kó o.

Mo ń wo agolo lọ ni. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ yọ̀, ó rọra lọ kó imú sínú kòtò bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹni tó jìn sí kòtò, a ní ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àmọ́ ará yòókù jókòó ti mi nínú ọkọ̀, ó ń ya fídíò. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí bàbá òyìnbó kan fi dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ó so ṣéènì mọ́ wa, ó fà wá jáde. Mo na owó sí i, ó mi orí. Ó bi mí ohun tí mo wá ṣe, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ewúrẹ́. Ó ronú, ó ní, "Òtútù ti ọdún yìí ò tiẹ̀ tíì ṣe nǹkan kan." Òjò dídì ibi tí ó dúró sí dé e ní itan.

Ọjọ́ Kẹrin, Wednesday. Rochester, lọ sí Buffalo

Ìyá Ṣadé di mọ́ínmọ́ín mẹ́jọ fún wa. Ní Rochester, ìlú Kodak, a ya lọ wo ibojì Frederick Douglass ní Mount Hope, a fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà nínú òjò dídì tó dé orúnkún kí a tó rí i. Ẹnì kan ti gbá iwájú ẹ̀ mọ́.

Ohun tí Rochester ṣe fún ẹjọ́ mi ni mi ò retí. Íńṣì 102 ni ìpíndọ́gba wọn. Ti Buffalo, bíi 95. Ìyẹn ni pé Bàbá Ìbejì tó ń bá Syracuse jà, Rochester tó dákẹ́ sí àárín wọn ti ta á yọ. Káyọ̀dé ní ká má sọ fún un kí a tó jẹun.

Ọjọ́ Karùn-ún, Thursday. Buffalo

Lẹ́yìn oúnjẹ, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi omi."

Adágún Erie: funfun láti ẹsẹ̀ wa títí dé ibi tí ojú lè dé. Kò sí èéfín, kò sí ìgbì. Ìpíndọ́gba jíjìn ẹ̀ kò ju mítà 19 lọ, àwo pẹrẹsẹ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò Ontario, nítorí náà kíá ló ń tutù. Tó bá ti dì, a ti dé ìdérí. Ẹ̀rọ òjò dídì Buffalo sì dúró nìyẹn, nígbà tí ti Syracuse ṣì ń lọ. Gbogbo ẹjọ́ náà kò ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé mo ti parí iṣẹ́ mi.

"O ti parí?" Bàbá Ìbejì béèrè. Ó ní kí n kọ tiẹ̀ náà sílẹ̀. Àkọ́kọ́: òjò dídì ìgbà òtútù tó pọ̀ jù ní Buffalo, 1976 sí 1977, jẹ́ íńṣì 199.4. Ó ju 192.1 ti Syracuse lọ. Mo wò ó lórí fóònù, òótọ́ ni. Èkejì: ní ọjọ́ 28 oṣù Kínní 1977, nígbà tí ìjì ńlá nì jà, òjò dídì tuntun tó rọ̀ ò ju bíi íńṣì 12. Adágún ti dì, òjò dídì ti kó jọ sórí yìnyín fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, afẹ́fẹ́ wá gbá gbogbo ẹ̀ wọ̀lú. Èèyàn tó lé ní ogún ló kú. Ìdérí tí mo ń yìn, òun ni tẹ́ẹ̀bù tí ikú to ẹrù ẹ̀ lé.

Ìkẹta: oṣù Kọkànlá 2014. Gúúsù ìlú gba ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sókè, àwọn tó wà ní àríwá, tí kò ju ìrìn ọkọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, rí íńṣì mélòó kan. Oṣù Kọkànlá 2022, Orchard Park àti Hamburg gba bíi íńṣì 80.

Ìkẹrin ni Kérésìmesì 2022. Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bíi íńṣì 52 ló rọ̀ ní pápá ọkọ̀ òfurufú láàrin ọjọ́ mẹ́rin, àmọ́ kì í ṣe íńṣì ló pààyàn. Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí ènìyàn rí ọwọ́ ara ẹ̀ fún ohun tó ju ọjọ́ kan àtààbọ̀ lọ. Ọkọ̀ panápaná há, ọkọ̀ aláìsàn há. Ó lé ní 40 èèyàn tó kú ní àgbègbè yìí, àwọn kan nínú ọkọ̀, àwọn kan lójú títì, àwọn kan nínú ilé tí iná ti lọ. Nínú àwọn tó kú láàrin ìlú Buffalo, aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù. Bàbá Ìbejì ní òun àti ìyàwó òun kó àwọn ọmọ aládùúgbò méjì sínú yàrá kan, wọ́n tan iná ìdáná gáàsì díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ṣí fèrèsé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rù òtútù, wọ́n ń bẹ̀rù gáàsì.

"Ìyá Ṣadé ń ka íńṣì," ó wí. "Wọ́n tọ̀nà. Mo gbà. Tí mo bá sọ pé Buffalo, kì í ṣe íńṣì ni mò ń sọ."

A dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi kú wa. Káyọ̀dé kò mú agolo jáde.

Ọjọ́ Kẹfà, Friday. Binghamton, ilé

A gba ọ̀nà gúúsù padà kí ìlú márààrún lè pé. Íńṣì bíi 86 ni ti Binghamton, àmọ́ pápá ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n wà lórí òkè, bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,600. Nísàlẹ̀ láàrin ìlú, títì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ibi tí wọ́n gbé pákó sí ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé. Mo ra kọfí, a kọjá.

Mo fi ìdájọ́ ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì láti ilé epo: Syracuse ló borí, Rochester ṣe ìkejì, Buffalo ìkẹta, Binghamton àti Albany tẹ̀ lé wọn. Bàbá Ìbejì ni yóò ra ewúrẹ́. Ó fèsì ní kíá pé òun ti bá alápatà sọ ọ́, àmọ́ Ìyá Ṣadé ni yóò wá jẹ ẹ́ ní Buffalo, nínú oṣù Kọkànlá. Ìyá Ṣadé kọ̀wé pé kí ó gé e kéékèèké kí ó fi ránṣẹ́. Títí tí mo fi ń kọ èyí, wọn ò tíì parí ẹ̀. Káyọ̀dé ní bó bá jẹ́ òun, bàbá oníṣéènì Redfield ni òun á gbé ewúrẹ́ náà fún, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn.

A dé Bronx ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Òjò dídì bí íńṣì mẹ́ta ti rọ̀. Wọ́n ti kéde pé ilé ìwé lè má ṣí ní Monday, ilé ìtajà igun ọ̀nà wa kò ní búrẹ́dì mọ́. Mo gbé ṣọ́bìrì jáde, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Káyọ̀dé fi ọwọ́ sápò, ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Bọ̀dá, ṣé èyí náà lẹ fi ń bẹ Mọ́mì wa pé kí wọ́n gbàdúrà fún yín?"